Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Mo Ní Ó Ti Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Mo rò pé bó bá pẹ́, yóò rọ̀. Kò rọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n bá òun ṣe iṣẹ́ kékeré kan, iṣẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Ọjọ́ tí màá ṣe iṣẹ́ ọ̀hún ti sún mọ́lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná. Mo ti bú ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rò pé ẹ lè rí èébú tuntun mú wá.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ni mo ṣe lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan yangàn díẹ̀, torí kò sí ibòmíràn tí màá ti yangàn nínú ọ̀rọ̀ yìí: mo mọ Yorùbá kọ. Pàṣán ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní àmì ohùn. Ẹni tó bá gbàgbé àmì lórí ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa gba àmì náà.

Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá Kékeré ló ń pè mí. Ó kàwé kọ̀ǹpútà, Ìlọrin ló sì ń gbé. Òun ló bá ilé ìwòsàn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa dá sílẹ̀ ṣe ètò kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aláìsàn. Bí dókítà bá ń bọ̀, bí abẹ́rẹ́ ọmọdé bá dé, ẹ̀rọ á sọ fún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, láti Òmù-Àrán dé Agbamu, dé Òkè-Onígbìn. Ó ní kí n máa jókòó tì í, kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tó ń bá a lọ. Ó ní àgbà tí ọkàn òun balẹ̀ sí lòun fẹ́ níbẹ̀.

Mo bi í pé ibo ni ẹ̀rọ náà wà, torí kọ̀ǹpútà kékeré kan péré ni mo rí lórí tábìlì. Ó ní inú ìkùukùu ló wà. Mo gbójú sókè wo òrùlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ àwọn èèyàn kan lókè òkun ni, a kàn ń bá wọn lò ó ni. Ó ní àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wa á máa tò sórí ìlà bí èèyàn ṣe ń tò nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ á sì máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wà. Ọ̀ọ́dúnrún ni ìpín wa lójúmọ́. Bó bá ti pé, ẹ̀rọ dúró, ó di ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: kò gbọdọ̀ ju ọgọ́jọ lẹ́tà lọ. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á gé e sí méjì, á sì kà á ní méjì sí wa lọ́rùn.

Lẹ́yìn èyí ló wá sọ ohun tó bí mi nínú. Ó ní bí mo bá fi àmì sábẹ́ ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ọgọ́jọ á di àádọ́rin. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe Yorùbá, àmì wa máa ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. ‘Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ lásán. Wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń sọ.’

Mo gbìyànjú. Ọlọ́run gbọ́, mo gbìyànjú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Òkè-Onígbìn pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lásán ni mo kọ ọ́ bí ọmọ ti wí: E wo oko wa. Ìyá kan kà á, ó ní wọ́n ní kí òun wọ́ ọkọ òun wá. Ó sì wọ́ ọ. Aṣọ oko ló wà lọ́rùn bàbá náà nígbà tí wọ́n dé, ó dúró níwájú mi, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe. Mátírọ́nì, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ jókòó.

Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ọ̀rọ̀ kankan kò tún ní kúrò lọ́wọ́ mi láìní àmì lórí. Mo sì fi ìkíni kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó: ẹni tó bí ọmọ tó jù mí lọ, báwo ni màá ṣe kọ̀wé sí i tí màá kàn já lu ọ̀rọ̀ lójijì bí ẹni tó wá gbowó orí? Mo máa ń kí wọn ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Bí mo bá mọ orílẹ̀ ẹni náà, mo máa ń fi gbólóhùn kan kì í. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ̀rọ á ti gé e sí mẹ́rin.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá kan ní láti ọjọ́ tí òun ti ń lo fóònù, ẹnikẹ́ni kò tíì kí òun báyìí rí. Orí mi wú. Àbẹ̀kẹ́ pè mí láti Ìlọrin pé ìpín wa ń yára tán, pé kí n dín in kù. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ni mo gbọ́, mi ò ṣe nǹkan kan sí i.

Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀ fún ọjọ́ méjì péré, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ọgọ́fà èèyàn ló ti forúkọ sílẹ̀ dè wọ́n. Jímọ̀ wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Jímọ̀ jẹ́ fún yín. Ará Agbamu ni, àgbẹ̀ oníṣu. Ìjókòó kan náà ni èmi àti ẹ̀ ń lò nílé ìwé, èmi ni mò ń wo tirẹ̀ nínú ìṣirò, òun ló ń wo tèmi nínú Yorùbá. Ojú rẹ̀ kan ti lọ tipẹ́. Èyí tó kù ti ń bò, bí ẹni fi ẹ̀kọ kùn ún. Ọjọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀, ó ní: ‘Ojú kan yìí ni mo fi ń mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí koríko. Bí àwọn dókítà yẹn bá dé, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.’ Mo ní kó lọ sùn, pé èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ajé, mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó dùn. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó dúró. Ìwé pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé ìpín òní ti tán. Ó ku nǹkan bí èèyàn márùndínláàádọ́ta lórí ìlà. Àwọn ará Agbamu ló pọ̀ jù nínú wọn, torí àwọn ló forúkọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ká ní mo gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ ni, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀rọ á tú àwọn yòókù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ì bá sì dé bá àwọn dókítà. Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ni. Bí èèyàn ṣe ń tún adití pè ni mo ṣe tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Nígbà tí kò dáhùn, mo tún un tẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, odidi ọgọ́fà èèyàn ló tún ń kó sórí ìlà.

Ẹ̀rọ náà kò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ó kàn ń mú èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí mo ti kí lánàá ni mo tún kí. Ọkùnrin kan pè mí pé ìgbà kẹta nìyí tí mo máa kí òun kú ọ̀gbẹlẹ̀, ṣé kò sí o. Ìpín ọjọ́ náà tán kó tó di aago mẹ́sàn-án. Àwọn ará Agbamu ṣì wà lórí ìlà, àárín èrò ni wọ́n há sí.

Mátírọ́nì ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Àwọn tó wá wo ojú ń ṣe yẹ̀yẹ́ ìkíni ẹ̀ẹ̀mẹta náà fún un, ó sì ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Mo rí bọ́tìnnì kan lápá ìsàlẹ̀ tó ní kí n pa ìlà náà rẹ́ pátápátá. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kó ìdọ̀tí yìí kúrò, màá wá kọ tàwọn tó kù ní ṣókí. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Láyé mi, mi ò rí nǹkan tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Ìlà lọ, orúkọ lọ, gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ tún ìlà mìíràn dá. Ó kọ̀. Ó ní orúkọ ìlà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́ kò ṣeé lò títí ọjọ́ méje fi máa pé. Ẹ̀rọ ń ṣọ̀fọ̀. Bí àwọn Mùsùlùmí bíi Jímọ̀ ṣe máa ń dúró de fídáù ọjọ́ kẹjọ òkú ni òun náà ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Òógùn bò mí, àfi bí ẹni tó jí ewúrẹ́.

Ibẹ̀ ni Mátírọ́nì ti dé ọ̀dọ̀ mi.

‘Bàbá, ṣé gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ?’

‘Gbogbo wọn ti lọ, Mà.’

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé mi ò purọ́. Wọ́n ti lọ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n lọ ni mi ò sọ.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yẹn. Odidi ọjọ́ náà ṣì wà níwájú, odidi Ọjọ́rú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kadà tò sẹ́nu géètì. Agbamu kò jìnnà. Nọ́ńbà Jímọ̀ wà lórí mi, mi ò ní láti wò ó níbì kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọ́fíìsì yẹn, Mátírọ́nì á gbọ́, á bi mí pé ṣebí mo ní gbogbo rẹ̀ ti lọ. Bí mo bá jáde, á bi mí pé níbo. Nǹkan tó dá mi dúró kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbéèrè obìnrin kan. Obìnrin ọ̀hún kò sì ga tó èjìká mi.

Mo ní Jímọ̀ á gbọ́. Mo ní Agbamu kì í ṣe ilé odi. Mo jókòó, mo ń tún tábìlì ṣe. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, àwọn dókítà kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Mo bá wọn gbé àpótí kan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ará Agbamu gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Òkè-Onígbìn. Wọ́n wá pẹ̀lú ìbínú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pe ìpàdé sí Sátidé, wọ́n ní kí Àbẹ̀kẹ́ wá láti Ìlọrin wá ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ó pè mí sápá kan lẹ́yìn ilé. Ó ti wo inú ẹ̀rọ, ó ti rí i pé ẹnì kan ló pa ìlà náà rẹ́. Èmi àti òun nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

‘Bàbá Kékeré, ṣé ọwọ́ yín kan nǹkan kan níbẹ̀?’

‘Èmi? Kí ni mo mọ̀ nípa ìkùukùu?’

Ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Ó wá ní, ‘Ó dáa, sà.’

Nínú ìpàdé, Mátírọ́nì sọ pé wọ́n sọ fún òun pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Alága bi Àbẹ̀kẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ìlà náà pa rẹ́ kó tó pín tán ni. Ó ní bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá tiẹ̀ fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún orúkọ ìlà náà, kó fi dá òmíràn, ẹ̀rọ ì bá gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára tó. Lẹ́tà kan. Èmi tí mò ń fi àmì ṣakọ.

Gbogbo wọn mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alága ní ta ló wá pa ìlà náà rẹ́. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ni, kí wọ́n fi orí ji òun.

Jímọ̀ dìde. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò gbọ́ kó gbé ohùn sókè rí, kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Ó ní: ‘Ìwọ ọmọ yìí, bí ojú yìí bá fọ́, orúkọ rẹ ni màá máa fi pe òkùnkùn náà.’

Gbogbo ilé ké hà. Àwọn àgbà ní kó má gbé e jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi ṣe? Mo dìde, mo di Jímọ̀ lọ́wọ́ mú, mo ní, ‘Ọmọdé ni, fi jì í.’ Èmi ni mò ń bá ẹni tó ru ẹ̀ṣẹ̀ mi bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní mo ṣe bí àgbà.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sílé mọ́. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Ó ṣì ń pè mí lọ́dún Kérésì àti lọ́dún Àjíǹde, ó ń bi mí nípa orúnkún mi. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà rí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, àbí ó rò pé ọwọ́ mi ló ṣèèṣì kàn án. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàdúrà pé kó má mọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo máa ń rò ó pé ó ti mọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ọjọ́ yẹn, pé nítorí kójú má baà tì mí láwùjọ ló ṣe kúnlẹ̀. Èyí kejì yìí ló le jù fún mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà ojú tún dé. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé Jímọ̀. Dókítà tan iná sí i lójú, ó wò ó, ó wò ó. Ó ní omi tó wà nínú ojú náà ti le jù, ó ti pa iṣan tó ń ríran. Ó ní ká ní wọ́n gbé e wá lọ́dún tó kọjá ni. Òyìnbó ló pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, Jímọ̀ kò sì gbọ́ ọ yé. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n bá òun fi Ìgbómìnà wa sọ ohun tí dókítà wí.

Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi apá ti ọdún tó kọjá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kò gba ẹnu mi.

Ní báyìí, Jímọ̀ kò ríran rárá. Ọmọ rẹ̀ ló ń ro oko. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ sí Agbamu, màá ka ìwé ìròyìn fún un, màá rìn yí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ká, màá wá sọ bí iṣu ṣe ń fà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àlejò pé irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, màá ní mo fẹ́ lọ tọ̀.

Sátidé tó kọjá, ó fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́, ti ìgbà táwọn dókítà kọ́kọ́ wá. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun ti ń rò ó látọjọ́ yìí. Mátírọ́nì ní gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ọmọ yẹn ní ọwọ́ òun ni, ṣùgbọ́n kò jiyàn rárá, ẹni tó jẹ̀bi á ṣáà jiyàn díẹ̀. Ó ní bóyá ìwé náà dé lóòótọ́. Bóyá ó dé sórí fóònù òun, tí ojú òun ni kò jẹ́ kí òun rí i.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè sí níbẹ̀. Mo rí tàwọn ilé iṣẹ́ fóònù tó ń polówó orin, mo rí ti ọmọ rẹ̀ tó ń bèèrè ajílẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé: ‘Fóònù yìí ti gbó, ó máa ń pa nǹkan àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀.’

Ó ní, ‘Nígbà náà, ó lè ti dé.’ Ó na ọwọ́ gba fóònù rẹ̀ padà. Ó wá ní, ‘Mo ṣẹ ọmọ yẹn.’

Ó ní kí n wá ní Sátidé tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí Àbẹ̀kẹ́, kí n bẹ̀ ẹ́ lórúkọ òun, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí i níwájú èèyàn, kó máa wá sílé rí ìyá rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú orí rẹ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀túnla ni Sátidé. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé ẹ̀bi lé afọ́jú lórí. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, ó lè ní kí n má wá mọ́. Mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tó máa ka ìwé fún un. Ẹ má sọ pé ìyẹn ni mo fi ń sá. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn ni.

Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Àbẹ̀kẹ́ ní Ìlọrin ni, kí èmi tó jẹ́ bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un? Àbí ọ̀dọ̀ Jímọ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é sí, ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín.

Mo ti kọ gbólóhùn tó ní kí n fi bẹ̀rẹ̀ yẹn sórí ìwé lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ òní, láti fi dánra wò. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ìgbà tó kan kí n kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀ ni mo gbé bírò sílẹ̀.